Bí ẹ ṣe lè kápá aago nẹ́tíwọọ̀kì tó ń sún díẹ̀díẹ̀

Agogo méjì ọ̀sán ni wọ́n máa ń pè mí. "Ẹ̀ńjíníà, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ o." Ọ̀yọ́ lẹni tó ń pè wà, Ògbómọ̀ṣọ́ lèmi wà, ohun tó sì ń dà wá láàmú kò ju "tọ́" kékeré kan lọ. Ẹ ń sọ̀rọ̀ lọ lórí fóònù, ẹ gbọ́ "tọ́", ọ̀rọ̀ ń bá tirẹ̀ lọ. Ká ní ohùn nìkan ni, à bá ti gbójú fò ó. Ṣùgbọ́n fáàsì ń já láàárín ojú ìwé, ìlà tí wọ́n fi ń rán ìsọfúnni tí wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ tì sì ń ṣubú, á gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó dìde. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ á pa rọ́rọ́. Bílẹ̀ bá mọ́, bíi pé kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lé e. Káàdì mẹ́ta la pààrọ̀ kí n tó gbà pé káàdì ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Aago ló ń sún, ìyẹn aago inú ẹ̀rọ tó ń sọ bí wọ́n á ṣe yára rán ìsọfúnni àti bí wọ́n á ṣe yára gbà á. Bí mo ṣe máa lé irú ẹ̀ lónìí, kì í ṣe bí mo ṣe lé e nígbà yẹn, ni mo kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú E1 (ìlà tó ń gbé ohùn àti ìsọfúnni), SDH (ọ̀nà ńlá tó ń kó ọ̀pọ̀ E1 pọ̀) àti ìlà íntánẹ́ẹ̀tì tó ń bọ́ àwọn máàsì fóònù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tẹ́ ẹ ń lé

E1 ń gbé bíìtì 2,048,000 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ń dì wọ́n ní fíréèmù-fíréèmù, bíìtì 256 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, fíréèmù 8,000 ní ìṣẹ́jú àáyá. Fíréèmù kan wá jẹ́ 125 µs. Tí ẹ bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìdá kan nínú rẹ̀ ni µs 1. Ẹ fi 125 yẹn sọ́kàn, a ó padà lò ó.

Ẹ̀rọ tó ń gbà á ní àpò kékeré kan tó ń kó fíréèmù sí kó tó kà wọ́n. Bí aago ẹni tó ń rán bá yára ju ti ẹni tó ń gbà, àpò á kún, á da fíréèmù kan nù. Bó bá lọ́ra jù ú, àpò á gbẹ, á tún fíréèmù tó ti kà tẹ́lẹ̀ kà. Èyí làwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní slip. "Tọ́" tẹ́ ẹ gbọ́ lórí fóònù nìyẹn.

Aago lè gbọ̀n lọ́nà méjì. Àjọ ITU, tó ń ṣe ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ fún gbogbo ayé, fi ààlà sí 10 Hz: ìgbọ̀n tó yára ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ ní ìṣẹ́jú àáyá ni jitter, èyí tó lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ ni wander. Wander lè fi gbogbo ọjọ́ lọ kó tó bọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ìyá ẹlẹ́kọ bá ń sẹ́ ògì: èérí dúró sórí aṣọ, omi ògì kọjá lọ sínú ìkòkò. Àsẹ́ tó wà nínú ẹ̀rọ ń dá jitter dúró, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n rán ẹ̀rọ náà gan-an ni pé kó máa tẹ̀lé aago òkè. Tí aago òkè bá rọra sún, á bá a sún. Lójú tirẹ̀, àṣẹ ọ̀gá ni. Ìyẹn ló mú kí n sọ pé pípààrọ̀ káàdì kì í wo wander sàn. Ọ̀nà tí aago ń gbà wọlé ni ká lọ wò.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ fẹsẹ̀ rìn, ẹ ya àwòrán aago

Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù. Ẹ má lọ wo fáìlì tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ dé, irọ́ ti wọnú ẹ̀. Ẹ dé ibùdó kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ bi ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: ibo lo ti ń gba aago báyìí? Tí ibẹ̀ bá já, ibo lo máa yà sí? Ta lò ń fún? Ẹ fa ọfà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fúnni sí ẹni tó ń gbà. Ọfà gbọ́dọ̀ máa ti òkè wá sísàlẹ̀ ni. Ọfà kan ṣoṣo tó bá padà sókè, ẹ dúró síbẹ̀.

Ẹ ro ṣọ́ọ̀bù méjì tó kọjú síra ní Tákìé. Tí aago bàbá tó ń tún rédíò ṣe bá kú, aago ìyá aláṣọ ló máa wò láti fi tọ́ tirẹ̀. Tí ti ìyá aláṣọ náà bá kú, ó di kó bi bàbá onírédíò. Aago méjèèjì á máa bára wọn mu ṣíún, wọ́n sì lè fi ìdajì wákàtí yàtọ̀ sí ti gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sẹ́ni tó máa fura nínú àwọn méjèèjì. Bí ibùdó méjì tó ń gba aago lọ́wọ́ ara wọn ṣe ń ṣe nìyẹn. Iná àwọ̀ ewé á máa tàn ní ìhà méjèèjì, alámù kankan ò ní dún, àwọn méjèèjì á jọ máa wọ́ lọ. Àṣìṣe yìí ló wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí mo ti rí, pàápàá níbi tí wọ́n ti fi ìlà kejì kún ìlà kìíní kí nẹ́tíwọọ̀kì lè di òrùka.

Ní tiwa, àwòrán náà fi nǹkan mìíràn hàn. Aago wa ń ti Ìbàdàn bọ̀, ó ń gba Ọ̀yọ́ kọjá wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnì kan ti wá ṣiṣẹ́ lóru ọjọ́ kan, ó sún okùn láti pọ́ọ̀tù kan sí èkejì, kò sì tún àkọsílẹ̀ aago ṣe. Ẹ̀rọ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì ń retí aago ní pọ́ọ̀tù tí kò sí okùn kankan nínú rẹ̀ mọ́. Kò ní ibòmíràn tó lè yà sí. Wọ́n sì ti pa ẹnu alámù yẹn mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ nítorí ó ń pariwo jù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka slip, kẹ́ ẹ ṣírò

Ẹ kọ aago tí slip kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀, kì í ṣe iye wọn nìkan. Lẹ́yìn náà ẹ pín 125 sí iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín slip kan àti èkejì. Ohun tẹ́ ẹ bá rí ni ìyàtọ̀ aago méjèèjì, ní ìdá nínú mílíọ̀nù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo jókòó tì í, ìṣẹ́jú 25 ló wà láàárín wọn. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 1,500. Tí ẹ bá pín 125 sí 1,500, ẹ ó rí 0.083. Ṣé ó pọ̀ ni àbí ó kéré? Ẹ fi wé méjì yìí. Aago àgbà, èyí tí ìlànà G.811 ti ITU ń sọ, kò gbọdọ̀ ṣìnà ju ìdá kan nínú bílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún lọ. Kódà bí aago àgbà méjì bá kọjú sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, slip kan láàárín ọjọ́ 72 ni. Ní òdìkejì, aago kékeré inú ẹ̀rọ SDH tí kò lọ́gàá kankan láti tẹ̀lé, tó sì ṣìnà dé ibi tí wọ́n gbà á láàyè, 4.6 nínú mílíọ̀nù, á fún yín ní slip kan ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 27.

Tiwa ò sí nínú méjèèjì. Ẹ̀rọ tó ń rántí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí aago òkè bá já, ẹ̀rọ á di ìyára tó mọ̀ kẹ́yìn mú, á máa bá a lọ bí ẹni tó ń fi ojú inú rìn lókùnkùn. Òru tí ilé ẹ̀rọ tutù ni wọ́n já okùn náà, ìyára òru ló ń rántí. Lóru ó ń ṣe dáadáa, lọ́sàn-án tí ooru bá mú, kò mọ ọ̀nà mọ́. Ìyẹn ni "bílẹ̀ bá mọ́, bíi pé kò ṣẹlẹ̀ rí". Káàdì mẹ́ta tá a jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ò ṣẹ̀ ẹnì kankan.

Ẹ wo ìhà tí slip ń lọ pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ dída nù ni gbogbo wọn, tàbí títúnkà ni gbogbo wọn, aago kan ti kúrò lábẹ́ ọ̀gá. Tó bá da ọ̀kan nù lónìí, tó tún ọ̀kan kà lọ́la, wander tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ ń wò. Ìlànà G.822 gba slip márùn-ún láàyè láàárín wákàtí 24. Ẹni tó bá rí ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan, kó lọ sùn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan

Ẹ̀rọ ìwọ̀n tó bá ń gba aago lọ́wọ́ nẹ́tíwọọ̀kì tó ń wọ̀n ò lè sọ òótọ́ kankan fún yín. Ẹ fún un ní aago tirẹ̀: rubidium tó ti gbóná délẹ̀, tẹ́ ẹ sì ti fi GPS tọ́ sọ́nà. Lẹ́yìn náà ẹ fi sílẹ̀. Wákàtí kan ò tó, nítorí nǹkan tó ń gba ọjọ́ kan kó tó yí po lẹ ń wá. Wákàtí 24 ló kéré jù. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ló máa ń tẹ́ mi lọ́rùn, kí iná NEPA lọ kó sì dé nínú rẹ̀ ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan.

Àwòrán tó máa jáde ni TIE, ìyẹn bí aago náà ṣe jìnnà sí òtítọ́ láti ìgbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń dùn. Bí ìlà bá ń gòkè lọ tààrà bí òkè tí kì í tẹ́, aago ti já kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá. Bó bá rú bí ìgbì, tó ga lọ́sàn-án tó wálẹ̀ lóru, ooru ni. Bí ìgbì náà bá ga ní agogo mẹ́jọ sí mọ́kànlá alẹ́, ẹ má lọ wo ẹ́síì o: àkókò tí àwọn ọmọ LAUTECH ti dé àdúgbò Under-G tí wọ́n ń wo fídíò nìyẹn, ìlà ti kún, aago tó ń gba inú páàkẹ́ẹ̀tì (ìdìpọ̀ ìsọfúnni orí íntánẹ́ẹ̀tì) kọjá sì ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Bó bá ń fò bí àtẹ̀gùn, tí gíga àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan sì bára mu, SDH ló ń sún ìka rẹ̀. Mo máa ṣàlàyé ìyẹn láìpẹ́.

Ẹ̀rọ á tún ya MTIE fún yín, tó ń fi hàn bí aago ti sún tó láàárín ìgbà kan tẹ́ ẹ bá yàn. Fún E1 tó ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà, 18 µs ni òpin nínú ìlànà G.823. E1 tẹ́ ẹ bá ń fi gbé aago gbọ́dọ̀ dára jùyẹn lọ púpọ̀.

Ẹlòmíràn á ní fáíbà ló ń fẹ̀ nínú oòrùn. Òótọ́ ni pé ó ń fẹ̀. Fáíbà ń yí nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá tí a pín sí ọ̀nà tírílíọ̀nù kan, ìdá 40 nínú rẹ̀, lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan fún ìwọ̀n ooru kan. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, ká pè é ní kìlómítà 50, kí ooru fi ìwọ̀n 15 gòkè: gbogbo rẹ̀ ò ju 0.03 µs lọ. Ìyẹn ò lè da fíréèmù 125 µs nù. Ẹ fi fáíbà sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: aago òkè gan-an

GPS ló pọ̀ jù ní agbègbè wa, torí ó dínwó ju aago caesium lọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò ni ojú ọ̀run. Áńtẹ́nà gbọ́dọ̀ rí ọ̀run yíká. Ó nílò sátẹ́láìtì mẹ́rin láti mọ ibi tó wà. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, tí ẹ sì ti ní kó dúró síbẹ̀, ẹyọ kan lè mú un dání fún ìgbà díẹ̀. Ní ibùdó kan, gbogbo nǹkan pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, GPS á máa wọlé á máa jáde. Mo gun àkàbà lọ sórí òrùlé. Máńgòrò ni. Ẹ̀ka rẹ̀ ti na ọwọ́ bo áńtẹ́nà, bí ewé bá sì ti tutù, kì í jẹ́ kí ìró sátẹ́láìtì tó ti rẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ kọjá. Àdá la fi tún aago ṣe lọ́jọ́ yẹn. Onílé ò sì fẹ́ ká gé e tó bẹ́ẹ̀, a ní láti bẹ̀ ẹ́.

Èkejì ni àrá. Ẹ fi ẹ̀rọ adáàbòbò sí ibi tí kéébù ti wọlé, kẹ́ ẹ sì so ó mọ́ irin ilẹ̀ kan náà tí rákì ń lò. Kéébù funra rẹ̀ ń fa aago sẹ́yìn ní nǹkan bí 4 sí 5 ns fún mítà kan, ìyẹn ìdá mẹ́rin sí márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún µs. Tó bá jẹ́ ìyára nìkan lẹ fẹ́, kò ṣe nǹkan kan. Tí máàsì yín bá jẹ́ ti 4G TDD (èyí tó ń fi àsìkò pín rírán àti gbígbà), tó ní kí aago má yẹ̀ ju 1.5 µs lọ, ẹ kọ gígùn kéébù náà sínú ẹ̀rọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọ̀nà tí aago ń gbà

Tẹ́ ẹ bá mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ mú èyí: E1 tó ti gba inú SDH kọjá, ẹ má gba aago lára rẹ̀.

SDH kì í so ẹrù mọ́ ojú kan. Ó ní ìka tó ń tọ́ka síbi tí ẹrù ti bẹ̀rẹ̀, bí aago ibùdó méjì bá sì yàtọ̀ díẹ̀, á sún ìka náà kí ẹrù má bàa ṣubú. Ọgbọ́n tó dára ni, torí ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà á dé pé pérépéré. Ṣùgbọ́n nínú E1, sísún ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ bíìtì mẹ́jọ gbáko, 3.9 µs lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ń gba aago lára E1 yẹn á rí àtẹ̀gùn. Ẹ gba aago lára ìlà STM-1 (ìlà SDH tó gbé E1 náà) fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ mú un jáde ní pọ́ọ̀tù 2,048 kHz, kẹ́ ẹ fi bọ́ ẹ̀rọ tó kù.

Ìlànà G.803 ní kí aago kékeré má ju 20 lọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ láìjẹ́ pé SSU kan wà láàárín wọn, kí gbogbo wọn lápapọ̀ má sì ju 60. SSU jẹ́ aago ńlá tí aṣọ àsẹ́ rẹ̀ kí púpọ̀: ó lè dá wander tó ń yí po láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan dúró. Ti ọ̀sán àti òru á ṣì kọjá. Níhìn-ín wa ẹ̀wọ̀n kì í gùn tó 20, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta SSU fún yín kẹ́ ẹ tó wo àwòrán yín.

Fún ìlà páàkẹ́ẹ̀tì, SyncE (Ethernet tó ń gbé aago) ń gbé ìyára lórí okùn fúnra rẹ̀, ìkúnrẹ́rẹ́ ìlà ò kàn án. Àmọ́ ṣíwíìṣì àtijọ́ kan ṣoṣo tí kò mọ SyncE láàárín ọ̀nà ti já ẹ̀wọ̀n. PTP, ìlànà tó ń fi páàkẹ́ẹ̀tì pín àkókò, ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ lọ bọ̀, ó sì gbà pé àlọ àti àbọ̀ gùn bákan náà. Bí àlọ bá fi 10 µs gùn ju àbọ̀ lọ, aago á fi 5 µs ṣìnà, kò sì ní mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì gba ọ̀nà kan náà, kẹ́ ẹ fún PTP láàyè àkọ́kọ́ nínú ìlà. Bí owó bá wà, ẹ lo méjèèjì pọ̀: SyncE fún ìyára, PTP fún àkókò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kí ẹ̀rọ máa sọ ipò rẹ̀

Ẹ tan SSM ní gbogbo ibùdó. Ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ fún aládùúgbò rẹ̀ bóyá aago àgbà ló ń tẹ̀lé àbí tara rẹ̀. Ó tún ń dá àwọn ṣọ́ọ̀bù méjì Tákìé yẹn lẹ́kun: ẹni tó ń gba aago lọ́wọ́ yín á máa dá èsì padà pé "má gba aago lọ́wọ́ mi". Ẹ fún ibùdó kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà kejì, tó ti ibòmíràn wá. Ẹ sì la ẹnu alámù tẹ́ ẹ ti pa mọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: ooru àti iná

Aago inú ẹ̀rọ, quartz ni (òkúta kékeré tó ń gbọ̀n), quartz sì mọ ooru lára. Ní ilé ẹ̀rọ wa, iná NEPA nìkan ló ń gbé ẹ́síì. Tí iná bá lọ, bátìrì á gbé ẹ̀rọ, ẹ́síì á kú, jẹnẹrétọ̀ ò sì ní dìde títí bátìrì á fi wálẹ̀. Ní oṣù kẹta, yàrá páànù yẹn á ti di ààrò kí jẹnẹrétọ̀ tó tan. A fi fáànù oníbátìrì kan síbẹ̀, a sì gbé rákì aago kúrò níwájú ihò ẹ́síì, torí atẹ́gùn tútù tó ń fẹ́ tó ń dúró ṣe aago níbi ju ooru tó dúró sójú kan lọ. Aago oníyàrá gbígbóná, OCXO, kò gbọdọ̀ kú rárá. Tó bá kú, ẹ fún un ní ọjọ́ kan kó tó balẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́.

Nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan ni kẹ́ ẹ yí padà, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ tó yí òmíràn. Ní tiwa, a dá aago padà sí pọ́ọ̀tù tó yẹ, a fi ọ̀nà kejì kún un, a dúró fọ́jọ́ mẹ́rin. Slip di òdo. Lẹ́yìn náà la tó wá tún ọ̀rọ̀ fáànù ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn mo gé tépù funfun, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ okùn náà lẹ́bàá pọ́ọ̀tù, mo fi bírò dúdú kọ ọ́ sí i pé: "Aago ń gbabí wọlé. Pè mí kó o tó yọ ọ́", mo sì kọ nọ́ńbà mi sísàlẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, agogo méjì òru, fóònù mi dún. Ọmọdékùnrin kan tó wá ṣiṣẹ́ ni. "Ẹ má bínú sà, mo rí tépù kan níbí."